Àga Bàbá Ìyàwó Mi ní Kọ́nà Titirou

Iṣẹ́ igi ni iṣẹ́ mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ a máa ra orí kámíọ̀ àti táyà rẹ̀, èmi a sì kan ara onípákó mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí ẹrù àti èrò ń jókòó sí. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira, iṣẹ́ náà pọ̀ ní Parakou, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kọjá sí òkè, títí dé ilẹ̀ Niger, kámíọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e. Ẹ̀pà tó ń bọ̀ láti òkè náà, kámíọ̀ ló ń gbé e wá bá ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà wa kì í sinmi.

Èyí tí mo kàn ní tuntun kò pọ̀ tó èyí tí mo tún ṣe. Wọn á gbé kámíọ̀ wá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún. N kì í béèrè. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ìjánu ọkọ̀ kò mú, eruku bo ojú, aráyé ń lépa òun. N kò tíì rí èyí tó sọ pé òun sáré jù. N kò sì tíì rí èyí tó sọ pé ibi tí òun dúró sí kì í ṣe ibi ìdúró. Mo máa ń yọ pákó tó fọ́, mo máa ń kan òmíràn, wọn á sì gba ọ̀nà wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti sú mi kí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Ọmọbìnrin wa ti wọlé ọkọ ní Titirou, ó sì ti lóyún. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ń gbé ní àdúgbò kan náà. Èmi wà ní Ladjifarani, nídìí igi mi.

Bàbá ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣábẹ̀ ló ti wá. Ilé rẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń dé sí láyé àtijọ́. Wọn á jẹun, wọn á sùn, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdílé ní agbègbè wa tí ẹnì kan nínú wọn kò tíì sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rí. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí, ọmọ rẹ̀ lọ mú un wá sí Parakou. Kò fẹ́ràn ibẹ̀. Ó jókòó ní àgbàlá fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò lè máa gbọ́ ohùn ewúrẹ́ nìkan títí òun yóò fi kú. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí òun máa gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin bọ̀, ọ̀nà náà yóò máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò sì ṣàdédé tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ ní ibi tí igi máńgòrò kan wà. Ògiri ilé kan bo ojú ibẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ kò lè rí ẹni tó wà lódìkejì àfi bó bá kàn án. Nínú ìgbọ̀nwọ́ yẹn gan-an ni ilé àbúrò ìyàwó mi wà.

Wọ́n gbé àga sí abẹ́ máńgòrò. Láàárọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń yí, òjìji igi náà á máa rìn lọ sí ojú ọ̀nà, bàbá náà á sì máa fa àga rẹ̀ tẹ̀ lé ìtutù. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ àga méjì tó wà níwájú ti wà lórí ilẹ̀ pupa tí táyà ń gbà kọjá.

Kò pẹ́ tí awakọ̀ ará Ṣábẹ̀ kan fi rí i. Ó dá kámíọ̀ dúró sí àárín ọ̀nà, ó bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó dé ibùdó, ó sọ fún àwọn yòókù. Láti ìgbà yẹn ni ìyà ti dé bá mi.

Kì í ṣe ìkíni kékeré. Nítorí ojú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá á wá ki orílẹ̀ rẹ̀. Á béèrè ìyá rẹ̀, á béèrè bàbá rẹ̀, á béèrè ìyá ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Kámíọ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn ní gbogbo àkókò yìí, èrò inú rẹ̀ ń wúkọ́. Bí awakọ̀ kan bá sì juwọ́ láti orí ìjókòó rẹ̀, tó kígbe ìkíni tó fẹ́ kọjá, bàbá á gbé orí sókè, á ní, "Ta ló ń kí mi láti òkè? Ṣé ẹyẹ ni?" Ẹni náà á dúró. Mo ti rí kámíọ̀ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, tí wọ́n dí ojú ọ̀nà pátápátá, tí awakọ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà kò lè kí àgbà láti orí kẹ̀kẹ́. Wọn á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin á sọ ẹrù, wọn á kúnlẹ̀. Èmi ni tèmi burú jù. Mo jẹ́ àna. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà mi kan ilẹ̀, kí n sì wà níbẹ̀ títí bàbá á fi ní kí n dìde. Kì í tètè sọ ọ́. Mo máa ń gbé etí lé ilẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ táyà tó ń bọ̀ láti ibùdó nínú ilẹ̀ yẹn.

Ọmọbìnrin mi ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ lọ sí kànga. Lójoojúmọ́ ló ń kúnlẹ̀. Bí oyún rẹ̀ ti ń dàgbà, ìdìde rẹ̀ ń pẹ́ sí i. Á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, á sinmi, kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Mo máa ń wò ó láti òkèèrè. Mo mọ ohun tí ara kámíọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn wúwo tó.

Mo bá àbúrò ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Mo ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ kó wọlé, ó kéré tán lọ́sàn-án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo Ṣábẹ̀ á gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí pé òun ti bàbá òun mọ́lé. Ó ní kí èmi lọ sọ ọ́.

"Èmi tí mo jẹ́ àna rẹ̀?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà ni mo ń wí. Ẹ kò lè sọ ọ́, èmi náà kò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Mo bá àwọn awakọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọjá kọ́nà kí wọ́n tó dúró, kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ọ̀kan gbà kíákíá. Lọ́jọ́ kejì, mo bá kámíọ̀ rẹ̀ ní kọ́nà náà gẹ́lẹ́, ó ń kí bàbá. Ó ní ẹrù ló wúwo, òun kò fẹ́ kó ṣòro láti tún gbéra. Òmíràn wò mí bí ẹni tó bú u. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá yẹn ni wọ́n bí òun sí nígbà tí ìyá òun ń rìnrìn àjò, ọwọ́ ìyàwó bàbá ló sì kọ́kọ́ wẹ òun. Ó ní ṣé kí òun wá fi eruku kí i ni?

Ọ̀rọ̀ di ti pólísì. N kì í fẹ́ lọ sí bùrò wọn, ṣùgbọ́n mo lọ. Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn, ó sì gbọ́. Ó rán ọmọkùnrin kan tó múra dáadáa, tó gun alùpùpù mọbilẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ lé e lórí kẹ̀kẹ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó dé kọ́nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí bàbá. Ó gbé mọbilẹ́ẹ̀tì dúró sí àárín ọ̀nà, ó bọ́ fìlà, ó sì na gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà dúdú àti ìgbànú. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni. Ìyá bàbá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá yìí jọ ń ṣòwò pọ̀ rí. Kámíọ̀ kan dé, ó dúró de pólísì kó kí i tán. Nígbà tí ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó sọ fún mi pé àwọn á gbé pátákó wá.

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Wọ́n ya ọfà tó tẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ ní Faransé pé kí awakọ̀ rọra. Mo ti dàgbà púpọ̀ kí n tó mọ̀wé kà, nítorí náà inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ohun tí mo lè kà lójú ọ̀nà. Inú mi kò dùn sí èyí pẹ́. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti máa ń sáré kọjá láì rí bàbá wá ń rọra, nítorí pé wọ́n rọra wọ́n rí i, nígbà tí wọ́n sì rí i wọ́n dúró. Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ rí ibi fi kẹ̀kẹ́ tì. Bàbá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kan òpó pátákó náà, ó béèrè ohun tó jẹ́, wọ́n ní ìjọba ló rì í síbẹ̀. Ó ní ìjọba ṣeun.

Mo lọ bá ọmọ mi. Mo sọ fún un pé kó má kúnlẹ̀ níbẹ̀ mọ́, kó dúró sí ẹ̀bá ògiri kó kí bàbá àgbà rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ń fọ ìkòkò, kò gbójú sókè.

"Wọ́n á ní nítorí pé màmá mi ti kú ni," ó wí. "Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn, Bàbá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ìdúró lẹ máa ń kí i?"

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ sílé.

Ọyẹ́ dé lọ́dún yẹn pẹ̀lú eruku tó nípọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti Albarika níbi tí mo ti lọ wo pákó. Bí mo ti kù díẹ̀ kí n dé kọ́nà náà, mo rí ẹ̀yìn kámíọ̀ ẹlẹ́pà kan tó dúró, awakọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú bàbá. Ọmọ mi wà lẹ́yìn kámíọ̀ náà, ó ti kí tán, ó ń gbìyànjú láti gbé ìkòkò omi rẹ̀ padà sórí. Mo gbọ́ kámíọ̀ mìíràn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibùdó. Ó yọ ní kọ́nà, ó rí kámíọ̀ ẹlẹ́pà tó dí ọ̀nà, ó yà. Ó wó ògiri ilé òdìkejì, ó wọ inú ilé ìdáná wọn, ó dúró sórí ààrò.

N kò mọ bí mo ti ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Inú gọ́tà ni mo ti bá ọmọ mi, omi ti dà sí i lára, eruku sì ti di ẹrẹ̀ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é.

"Ó ń yí," ó wí. "Ó ń yí nínú mi. Ẹ má pariwo, Bàbá."

N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń pariwo.

Kò sẹ́ni tó kú. Apá awakọ̀ kejì ló kán, ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ará òdìkejì sì fọ́. Àwọn èrò pé jọ, wọ́n ń ṣàlàyé. Ẹnì kan ní ìjánu ni. Ẹnì kan ní ọyẹ́ ni. Obìnrin kan ní bí kì í bá ṣe àdúrà tí bàbá ń gbà fún ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń kúnlẹ̀ ni, à bá ti máa sunkún. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ń wo ẹnu wọn bó ti ń ṣí tó ń pa dé.

Ohun tó wá pa mí lára jù ni ọjọ́ kejì. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ wá kí bàbá kú ewu. Wọ́n wá láti Ladjifarani, wọ́n wá láti ọjà, àwọn awakọ̀ wá pẹ̀lú kámíọ̀ wọn. Ní kọ́nà yẹn ni wọ́n dúró sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kámíọ̀ kò pa ènìyàn ní kọ́nà yẹn. Àbúrò ìyàwó mi gbé bẹ́ǹṣì jáde fún wọn. Ó tò ó sí abẹ́ máńgòrò.

Mo sọ kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀. Mo kọjá láàárín wọn, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àga bàbá. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn, ó bá mi dúpẹ́ lórí ọmọ, nígbà tó sì ṣe, ó ní kí n dìde.

N kò dìde.

Ó rò pé n kò gbọ́. Ó tún un sọ.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí ló dé tí o wà nílẹ̀?"

Kí n tó dáhùn, ilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Kámíọ̀ kan ti ń bọ̀ láti ibùdó, ó ṣì jìnnà. Kò pẹ́ tí bàbá náà fi gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó ní kí n dìde, kámíọ̀ ń bọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń fà mí ní apá, ó ń bi mí lábẹ́lẹ̀ bóyá orí mi ti dàrú. Mo já apá mi gbà.

"Ẹ̀yin ni mo wá kí, Bàbá. Ibi tí àga yín bá wà ni mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ sí. Ojú ọ̀nà ni àga yín wà."

Bàbá na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jáde láti abẹ́ agbádá, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri. Ó kan ibi tí táyà ti gbẹ́ ilẹ̀ sí kòtò. Ó tọ kòtò náà lọ sí iwájú, ó tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn. Ó dìde láì di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, ó gbá ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, ó sì wọ́ ọ lọ títí ó fi kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Mo dìde, mo tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà sá wọlé lẹ́yìn wa. Kámíọ̀ náà yọ, ó kọjá. Kò dúró, nítorí pé kò rí ẹnikẹ́ni.

Nínú àgbàlá, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an fún ìgbà pípẹ́.

"Mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọjá nítòsí mi," ó wí níkẹyìn. "Mo rò pé wọ́n ń sún mọ́ mi láti kí mi ni."

Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. Kì í ṣe sí èmi nìkan. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó pe àwọn àlejò tó kù ní àgbàlá.

"Ẹ fi mí sójú ọ̀nà bí òkúta, ẹ wá ń kí mi," ó wí. "Ta ni nínú yín tí kò ríran?"

Àwọn àlejò ń wo ẹsẹ̀ wọn. Mo rò pé a ó tijú débi pé nǹkan á yí padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti jáde ni mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé èmi ni n kò ní ẹ̀kọ́, pé irú àna wo ló ń fi ikú dẹ́rù ba bàbá ìyàwó rẹ̀.

Bàbá kò gbé àga jáde mọ́. Àwọn awakọ̀ kò rí i, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè kọjá láì kí i. Àwọn kan ń dúró sí ibi tí ọ̀nà ti tọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Àgbàlá dákẹ́. Mo wá ń lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí mo mọ̀ pé èmi ni mo lé àlejò rẹ̀ lọ. Èmi àti òun á jókòó. Á bi mí ẹni tí mo rí lọ́jọ́ náà, ọmọ ta ni, báwo ni ìyá rẹ̀. Èmi tí n kì í béèrè ìyá ẹnikẹ́ni wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó gbé kámíọ̀ wá, kí n lè rí nǹkan sọ nírọ̀lẹ́. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe mí.

Ọ̀kan nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bó bá dé kọ́nà, láti fi kí bàbá. Bàbá gbọ́ ọ nínú ilé, ó dáhùn, ó ki orílẹ̀ rẹ̀ láti orí àga. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí bàbá fi mọ fèrè olúkúlùkù. Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó bá gbọ́ fèrè náà á yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí kámíọ̀ tó yọ. Ohun tí pátákó ìjọba kò lè ṣe nìyẹn.

Ọmọ mi bí ọkùnrin. Ó wá bá mi, ó ní ọmọ náà kì í sùn, pé àwọn awakọ̀ yẹn ń fi fèrè jí i láti àárọ̀, pé kí n sọ fún wọn. Mo wò ó. Mo ní n kò ní sọ nǹkan kan.

Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ṣábẹ̀ ni ìṣòro mi tó kù. Àwọn ará òkè, àwọn ará Niger, wọn kò mọ bàbá, wọ́n máa ń yọ ní kọ́nà yẹn láì fọhùn. Nítorí náà, kí n tó gbé òòlù lé kámíọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, mo máa ń sọ fún un pé bàbá ìyàwó mi ń gbé ní kọ́nà Titirou, kó fun fèrè kí i kó tó kọjá. Ọ̀kan bi mí bóyá bàbá náà ló ni ọ̀nà.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní agbára àlàyé mọ́.